Owó Rẹ Ló Kéré Jù, Síbẹ̀ Wọn Ò Fún Ọ Níṣẹ́: Bí Ẹ̀hónú Lórí Tẹ́ńdà Ìjọba Ṣe Ń Lọ

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí tẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fi ń sọ iye tó máa gbà ṣe iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Marina, ní Erékùṣù Èkó, agogo ni ọ̀gá. Bí ìwé bá ní aago 12 ọ̀sán, tí ẹnìkan wá gbé àpòòwé tirẹ̀ dé ní 12:04, tó ń ṣàlàyé pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ká òun mọ́ orí Third Mainland Bridge, wọn ò ní gbà á. Ẹni tó tètè dé àmọ́ tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn tí kì í ṣe èyí tí wọ́n dárúkọ nínú ìwé, òun náà ti pàdánù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó fi tẹ́ńdà sílẹ̀ tàbí aṣojú wọn á wà níbẹ̀. Òfin tún ní kí wọ́n pe ẹnìkan láti ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti ẹnìkan láti ẹgbẹ́ aládàáni tí kì í ṣe ti ìjọba, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n á ka orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì rẹ̀ àti àpapọ̀ owó tó pè sókè ketekete. Gbogbo ẹni tó jókòó ló mú bírò dání, tó ń kọ iye owó ẹnìkejì sílẹ̀. Kí wọ́n tó kà á tán, ẹni tí owó tirẹ̀ kéré jù ti ń tẹ ilé láago pé iṣẹ́ ti bọ́.

Iṣẹ́ ò tíì bọ́. Ibi tí èdèkòyédè ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kíka owó sókè ni gbogbo èèyàn rí. Yíyẹ tẹ́ńdà wò, tó jẹ́ pé òun ló ń sọ ẹni tó jáwé olúborí, inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí òfin ọdún 2007, tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń rajà àti bó ṣe ń gbé iṣẹ́ síta, sọ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tí tẹ́ńdà wọn bá ohun tí wọ́n béèrè mu ni kí wọ́n fún níṣẹ́, lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe máa ń gbọ́ "owó tó kéré jù", wọn kì í gbọ́ ìyókù.

Àṣìṣe tó tóbi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Tẹ́ńdà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí, ilé-iṣẹ́ tí kò yege nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́ ní àkókò tí kò bá ti ìwé mu nígbà tó jẹ́ pé àkókò ló ṣe kókó: gbogbo ìwọ̀nyí, ìta ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Òfin ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n bá kọ tẹ́ńdà rẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó padà wá tún un ṣe. Ẹni tí àṣìṣe tirẹ̀ bá kéré, wọ́n lè bi í ní ìbéèrè kó ṣàlàyé.

Ìṣirò ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ká ní wọ́n ka owó ilé-iṣẹ́ kan sókè ní ₦42,000,000, ti ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦43,500,000. Nínú ìwé ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀rọ amúlétutù 40 wà níbẹ̀, ₦185,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àpapọ̀ tó kọ síwájú rẹ̀ ni ₦4,700,000. Ẹni bá fi kakulétọ̀ ṣe é á rí i pé ₦7,400,000 ló yẹ kó jẹ́. Òfin ní iye owó ẹyọ kan ni kí wọ́n dì mú, àyàfi tó bá hàn gbangba pé ṣe ni wọ́n ṣi àmì ẹsẹ (decimal point) inú rẹ̀ fi. Bí owó tirẹ̀ ṣe di ₦44,700,000 nìyẹn, tó sì di ẹni kejì. Ó lè kígbe pé wọ́n ti gba rìbá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló yí nọ́ńbà po. Bí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kò bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ló ń borí.

Ẹ̀hónú wo wá ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Èyí tó bá lè fi hàn pé ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn tẹ́ńdà kò sí nínú ìwé tí wọ́n tà fún àwọn èèyàn. Bí ìwé bá ní kí agbaṣẹ́ṣe fi ẹ̀rí irú iṣẹ́ náà mẹ́ta hàn, tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ tẹ́ńdà wò wá ń gé máàkì ẹni tí kò ṣe é fún ọ́fíìsì ìjọba rí, ó yẹ kí inú bí i. Bákan náà ni tí wọ́n bá dárí àṣìṣe ji ẹnìkan, tí wọ́n wá fi irú rẹ̀ gan-an lé ẹlòmíràn jáde. "Èmi ni mo mọṣẹ́ jù wọ́n lọ" kò lè dé ibì kankan.

Ní Amẹ́ríkà, GAO, àjọ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìnáwó ìjọba fún ilé aṣòfin wọn, ló máa ń gbọ́ irú ẹ̀hónú bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 100 ni òfin sì fún un láti dájọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ọ́fíìsì ìjọba lè kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun lè san owó tó pọ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára jù. GAO kì í jókòó tún máàkì fún ẹnikẹ́ni: ó ń wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ, àti bóyá ìdí tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n dání.

Ní tiwa, ọjọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀hónú. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí tó yẹ kó ti gbọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń ṣàkóso owó ọ́fíìsì náà. Sátidé, Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fèsì pẹ̀lú ìdí. Bí èsì ò bá tẹ́ni lọ́rùn, tàbí tí kò sí èsì, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló kù láti gbé e lọ sọ́dọ̀ BPP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó bí ìjọba ṣe ń rajà àti bó ṣe ń gbé iṣẹ́ síta, ní Abuja. Bí ó bá ti débẹ̀, ọ́fíìsì náà gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ lórí tẹ́ńdà náà dúró, àyàfi tí BPP bá da ẹ̀hónú nù. BPP lè fagi lé ohun tí wọ́n ṣe, ó sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 21 láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló kù, láàárín ọjọ́ 30. Fún iṣẹ́ ti Èkó, Ìkòyí ni ilé-ẹjọ́ náà wà.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni, ọ̀nà ibòmíràn ni. Òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń darí tirẹ̀, àjọ tó ń bójú tó o sì wà ní Alausa, Ìkejà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀hónú iṣẹ́ ìpínlẹ̀ lọ sí Abuja, ọjọ́ tirẹ̀ ti ń lọ láìmọ̀.

Ẹni tí kò rí ìdí gbà lè fi òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Kó béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ló panu pọ̀ láti gbé owó sókè, tàbí tí wọ́n gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kó lè sá fún òfin, ọ̀ràn ni ìyẹn. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 jura, kò sì sí owó ìtanràn tó lè gbà á sílẹ̀. EFCC tàbí ICPC ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ bá. Àmọ́ ìwádìí wọn kò dá ọjọ́ 15 yẹn dúró. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀.