Ibi tí wọ́n ti rí orúkọ Louis d'Or

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé tíátà àwọn ará Nẹ́dálándì á máa gbọ́ Louis d'Or ṣáá, àwọọdù tí wọ́n ń fún òṣèré tó bá ṣe bẹbẹ. Èmi kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ góòlù lásán ni, torí louis d'or náà lorúkọ owó wúrà tí Ọba Louis Kẹtàlá rọ nílẹ̀ Faransé ní 1640. Àṣé wọ́n kàn ń fi orúkọ dápàárá ni, Louis Bouwmeester, òṣèré Nẹ́dálándì ayé àtijọ́, ni Louis tí wọ́n ń wí.

1842 ni wọ́n bí i ní Middelharnis, sínú ìdílé alárìnjó, àwọn tó ń gbé eré kiri láti ọjà ọdún kan dé òmíì. Shylock ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, olówó èlé inú eré Shakespeare yẹn tó pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀ níwájú adájọ́, tó láfi dandan kóun gé ẹran lára ẹni tó jẹ òun lówó. Ó ṣe Shylock títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Sinimá aláìfọhùn wá dé, baba tó jẹ́ pé ohùn ló ń tà! Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Nẹ́dálándì ò bá wọn dá sógun, Theo Frenkel, ọmọ ìdílé wọn kan náà tó ti ń ṣe sinimá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, fi í sínú Fatum ní 1915. Ó ti lé lẹ́ni 70 ọdún nígbà yẹn o. Ó kú ní 1925.

Ṣùgbọ́n àbúrò ẹ̀ obìnrin, Theo Mann-Bouwmeester, gan-an ló dá àṣà kí wọ́n máa fi ẹ̀bùn yẹ́ òṣèré sí yìí sílẹ̀ lójú tèmi. Wọ́n ta á lọ́rẹ òrùka kan ní 1911, kò tì í mọ́ àpótí, ó gbé e fún Else Mauhs tóun náà jẹ́ òṣèré, ìyẹn náà fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́, bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Nígbà tó di 1955 ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé tíátà wá dá àwọọdù méjì sílẹ̀, Louis d'Or fún ọkùnrin, Theo d'Or fún obìnrin. Ní 2021 wọ́n ní àwọn ò pín in sí takọ-tabo mọ́: Theo d'Or di ti ẹni tó gbé eré sórí, Louis d'Or di ti ẹni tó tì í lẹ́yìn. Àbúrò gba iwájú, ẹ̀gbọ́n bọ́ sẹ́yìn, mi ò rò pé Baba Shylock á gbà bẹ́ẹ̀ ká ló wà láyé.