Ẹ̀bùn Ìwé Ọmọdé

Ẹ̀bùn ìwé ọmọdé ni àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba ń fún ẹni tó kọ ìwé fún ọmọdé tàbí ẹni tó ya àwòrán inú rẹ̀. Nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn, Newbery ló pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà ti ń fi í dá òǹkọ̀wé lọ́lá láti 1922. Ayàwòrán ní tirẹ̀ dúró títí di 1938, nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà fún ẹni àkọ́kọ́ ní Caldecott. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n dá Carnegie sílẹ̀ ní 1936, ó sì di 1955 kí Kate Greenaway, tí í ṣe ti àwòrán, tó dé. Ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, tí IBBY, àjọ àgbáyé fún ìwé ọmọdé, ń fúnni lọ́dún méjì-méjì, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkọ̀wé ní 1956, ayàwòrán sì tẹ̀lé e ní 1966. Ó jọ pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n ka àwòrán sí fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn adájọ́ Caldecott kì í wo ẹwà nìkan. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwòrán gbé ìtàn náà, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ yọ fún ọmọdé. Òṣùwọ̀n yìí kò lè ṣàjèjì sí ará Òkun ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Ní Bùnú, aṣọ pupa tí à ń pè ní ìpò wà fún ìsìnkú àwọn àgbà olóyè, eégún náà a sì máa lò ó. Bí ayàwòrán bá wọ̀ ọ́ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọmọ ilé-ìwé ní Kàbà lè má fura, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó tì í yóò bi í léèrè pé ta ló kú.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyí ni òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú lè du. Ọmọ ilẹ̀ tàbí olùgbé Amẹ́ríkà ni Newbery àti Caldecott wà fún. Andersen kì í ṣe ti ìwé ẹyọ kan: gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ni wọ́n ń gbé yẹ̀wò, ẹ̀ka IBBY ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló sì ń fà á kalẹ̀. Èyí tó sún mọ́lé ni ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti NLNG, ilé-iṣẹ́ gáàsì Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tó ń yí láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé. Ní ti àwọn ọdún tó kan ìwé ọmọdé, Mabel Segun àti Akachi Adimora-Ezeigbo jọ pín in ní 2007. Adeleke Adeyemi gbà á ní 2011, Jude Idada ní 2019, Olubunmi Familoni ní 2024. Ní 2015, àwọn adájọ́ ní kò sí ìwé tó yẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á. Láti 2011 ni owó rẹ̀ ti di 100,000 dọ́là, òǹkọ̀wé ló sì ni ín. Kò sí ìpín tí a yà sọ́tọ̀ fún ayàwòrán. Golden Baobab, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gánà ní 2008 fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ní ẹ̀bùn fún ayàwòrán pẹ̀lú.