Oògùn ibà alápapọ̀ láti ara ewéko ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Oògùn ibà alápapọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ACT, ni oògùn tí wọ́n fi artemisinin, èròjà inú ewé Artemisia annua, pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn láti wo ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Òun ni ìjọba Nàìjíríà fi rọ́pò chloroquine ní 2005, nígbà tí chloroquine kò ràn án mọ́. Láàárín àwọn Okun ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Kàbà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, òun ni dókítà sábà máa ń kọ fún aláìsàn, òun náà ni wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá tí òjò ń rọ̀ ni ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i níbẹ̀, tí ibà sì ń gbilẹ̀.

Agbo ti wà kí ACT tó dé, kò sì tíì kúrò nílé. Ewé dóńgóyárò, òrúwọ, èèpo ahùn àti àwọpa ni wọ́n ń sè pọ̀. Wọ́n á mu nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ìyókù wẹ̀. Àyẹ̀wò onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé òrúwọ àti dóńgóyárò ní ohun tó ń bá kòkòrò ibà jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bí ohun náà ṣe pọ̀ tó nínú ife agbo kan, nítorí ewé tòní lè le ju ti àná lọ. Ìdí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fi fọwọ́ sí kí ènìyàn máa mu omi ewé Artemisia bíi tíì láti fi wo ibà.

Ìtàn ewé yìí gùn. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, Ge Hong ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí ibà ń ṣe rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sínú omi, kó fún un, kó sì mu omi rẹ̀. Kò mẹ́nu kan iná rárá; bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fún ewúro ni. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí oògùn ibà ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, 1967, nítorí ogun Vietnam, Tu Youyou wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Ge Hong yìí ló jẹ́ kó fura pé ooru ló ń ba èròjà náà jẹ́, ó sì fi ether, omi kẹ́míkà tí ooru díẹ̀ ń mú hó, yọ ọ́ láìjẹ́ kó gbóná púpọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Artemisinin máa ń tètè ṣiṣẹ́. Bó bá kan áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà ti jẹ, ó máa ń dà bo kòkòrò náà, ara aláìsàn á sì fúyẹ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Àmọ́ kì í pẹ́ lára. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń ṣan lọ. Lumefantrine, oògùn kejì tí wọ́n sábà máa ń pọ̀ mọ́ ọn, ló máa ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan láti pa àwọn kòkòrò tó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ara ti yá ní ọjọ́ kejì, wọ́n á tọ́jú ìyókù oògùn de ibà mìíràn, kòkòrò tó ṣẹ́ kù lára á sì tún gbérí.

Àgbàlagbà a máa lo oníhóró tó ní artemether (irú artemisinin kan) 20 mílígíráàmù àti lumefantrine 120 mílígíráàmù, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà mẹ́rin ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méjì; gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Oúnjẹ tó ní epo ló ń gbé lumefantrine wọ ara, nítorí náà kí aláìsàn jẹ àkàrà tàbí iṣu pẹ̀lú epo pupa kó tó lò ó. Bó bá bì í láàárín wákàtí kan, kó tún un lò.

Artesunate (irú artemisinin mìíràn) àti oògùn ibà amodiaquine tún máa ń wà pọ̀ nínú irú oògùn yìí. Láti 2022 ni WHO ti gbà kí aboyún lo artemether àti lumefantrine ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá. Bí gìrì bá gbé ọmọ, tàbí tí aláìsàn kò mọ ibi tó wà mọ́, oníhóró kọ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ artesunate ni, ó kéré tán fún wákàtí 24, kí wọ́n tó fún un ní ACT ọjọ́ mẹ́ta pérépéré.