Ọjọ́ kan ní Hanoi pẹ̀lú afinimọ̀nà: èsì sí ìbéèrè yín

Láti ìgbà tí mo ti Hanoi dé, ìbéèrè ò tán lẹ́nu àwọn ará ilé. Hanoi ni olú-ìlú Fiẹtnám. Mo fi ọjọ́ kan gbáko rìn ín pẹ̀lú afinimọ̀nà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kàwé lọ́wọ́ ní yunifásítì. Àwọn kan ní mo fi owó ṣòfò, àwọn kan ń múra àtilọ. Ohun tí mo rò fún tọ̀tún tòsì nìyí.

Ṣé fóònù ò lè júwe ọ̀nà ni, tí ẹ fi ń sanwó fún èèyàn?

Fóònù á júwe ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá débẹ̀ tán, kò ní sọ ohun tí ẹ ń wò fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan. Nínú àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Òpópónà Mẹ́rìndínlógójì, a yà sí ibì kan tí ariwo òòlù gbà kan. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń lu páánù, wọ́n ń fi ṣe garawa, àrọ àti àpótí. Lórí fóònù mi, Hàng Thiếc ni wọ́n kọ, orúkọ náà kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Ọmọ náà ní "hàng" ni ọjà tí wọ́n ń tà, "thiếc" ni páánù. Mo ní, àṣé Ìsọ̀ Onípáánù nìyí! Láti ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò náà ti là sí mi lójú. Hàng Muối, Ìsọ̀ Oníyọ̀. Hàng Chiếu, Ìsọ̀ Ẹlẹ́ní. Hàng Đường, Ìsọ̀ Onísúgà. Hàng Bạc, Ìsọ̀ Alágbẹ̀dẹ Fàdákà. Ẹ fi Hàng Bạc yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà rí mọ̀ pé ìsọ̀ aláta wà lọ́tọ̀, ti ẹlẹ́wà wà lọ́tọ̀. Ti Hanoi tún lé díẹ̀: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà sábà máa ń wá láti abúlé kan náà, wọ́n á sì kọ́ ilé òrìṣà abúlé wọn sí òpópónà tí wọ́n tẹ̀dó sí. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ṣì bá ọjà mu o. Okùn ni wọ́n ń tà ní Hàng Gai nígbà kan, sílíkì ló kún ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Hàng Mã kò yí padà, bébà ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ilé bébà, mọ́tò bébà, fóònù bébà, owó bébà. Wọ́n á sun ún kó lè tẹ àwọn òkú wọn lọ́wọ́.

Kí ló dé tí ilé wọn fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ojú òpópónà ni owó wà. Gbogbo oníṣòwò ló fẹ́ kí ẹnu ṣọ́ọ̀bù òun kan títì, nítorí náà kálukú gba ìwọ̀nba, ó sì na ilé rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n tún máa ń sọ pé ìbú ojú ilé ni wọ́n fi ń bu owó orí láyé ìjelòó. Ẹ wọ ilé 87 ní òpópónà Mã Mây, wọ́n ti tún un ṣe fún àlejò. Ẹ ó rí i pé wọ́n dá àgbàlá sí àárín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, bíi ti agbo-ilé wa àtijọ́.

Kí ló dé tí afinimọ̀nà fi ní kẹ́ ẹ jáde láàárọ̀ kùtù?

Nítorí ibojì Ho Chi Minh, olórí wọn àtijọ́, ni. Òwúrọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i, wọn kì í sì í ṣí i lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Oṣù mélòó kan tún wà lọ́dún tí wọ́n máa ń tì í pa kí wọ́n lè tọ́jú òkú náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú ọjọ́.

Iwájú ibojì yẹn, ní gbàgede Ba Đình, ni Ho Chi Minh ti kéde òmìnira orílẹ̀-èdè náà lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, 1945. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, 1969 ló kú. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí wọ́n sun òkú òun. Wọn ò sun ún. Wọ́n fi oògùn tọ́jú rẹ̀, wọ́n kọ́ ilé òkúta ràgàjì yìí, wọ́n sì ṣí i ní 1975. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé, ẹ ò gbọdọ̀ dé fìlà, ẹ ò gbọdọ̀ ya fọ́tò, ẹ ò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò. A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òtútù inú ilé náà gbá wa lójú, ó sì wà níbẹ̀, bàbá tín-ínrín tó jọ pé ó ń sùn. Ìyá àgbà kan níwájú mi ń nu ojú. Èmi tí mo wá wòran dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bác Hồ ni gbogbo wọn ń pè é.

Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yẹn bi yín ní ọjọ́ orí? Ṣé kò rí yín fín?

Ó bi mí, kò sì rí mi fín rárá. Kò tíì mọ bó ṣe máa pè mí ni. Nínú èdè wọn, èèyàn kì í kàn sọ "ìwọ" àti "èmi" lásán. Orúkọ ẹbí ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kódà pẹ̀lú ẹni tí wọn ò rí rí. Ọkùnrin tó ju ọ́ lọ díẹ̀ ni "anh", obìnrin tó jù ọ́ lọ ni "chị", àbúrò ni "em". Ọkùnrin tó kéré sí bàbá rẹ ni "chú". Ẹni tó ju bàbá rẹ lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá, ni "bác". Àgbà kùjọ́kùjọ́ ni "cụ". Ìwọ náà á sì pe ara rẹ ní orúkọ tó bá ti ẹnìkejì mu.

Mo sọ ọjọ́ orí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ju bàbá òun lọ, pé "bác" ni mo jẹ́, òun sì jẹ́ "cháu", ọmọ ẹbí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nínú ibojì láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá wa ni wọ́n ń pe olórí orílẹ̀-èdè. Inú mi dùn gan-an. Láti ilé ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí, mo wá rí i níbi tí n kò rò.

Àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ wọn yẹn ńkọ́? Ó jọ tiwa.

Ó jọ ọ́, ó sì tún yàtọ̀ níbi tí ẹ ò fura. Èdè olóhùn ni tiwọn bíi tiwa. Mẹ́ta ni ohùn tiwa, mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní Hanoi. "Ma" nìkan: láìlámì, iwin ni, "má", ìyá, lọ́dọ̀ àwọn ará gúúsù, "mạ", èhù ìrẹsì. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Àwọn míṣọ́nnárì ló fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè náà. Alexandre de Rhodes tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Róòmù ní 1651, nǹkan bí igba ọdún kí Ajayi Crowther tó tẹ tiwa ní 1843. Ibi tí ìṣòro wà fún ọmọ Yorùbá ni àmì ìsàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àmì abẹ́ lẹ́tà ń sọ irú lẹ́tà tó jẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, ohùn ló jẹ́, ohùn tó wálẹ̀ lójijì, tó sì há sí ọ̀fun. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ dárúkọ Bác Hồ, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Bạc Hồ". Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ní: "Báaac." Ó wá gé ọwọ́ wálẹ̀ bí ẹni gé igi: "Bạc." Àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá, èkejì ni fàdákà, ti Hàng Bạc yẹn. Mo pe bàbá wọn ní Fàdákà!

Kí lẹ rí nínú Tẹ́ḿpìlì Ìwé tí gbogbo afinimọ̀nà ń múni lọ?

Ahun òkúta. Ọdún 1070 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún Confucius, ọ̀mọ̀ràn ará Ṣáínà àtijọ́. Ní 1076 wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ ọba kún un. Nínú àgbàlá kẹta, ẹ ó rí òkúta pẹlẹbẹ 82, ahun kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ àwọn tó yege ìdánwò ọba láti 1442 sí 1779 sì wà lára wọn. Kì í ṣe orúkọ ọba, kì í ṣe orúkọ ológun. Orúkọ ọmọ tó kàwé ni, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá fọwọ́ pa orí ahun náà kí ìdánwò lè yọrí sí rere, débi pé orí wọn ń dán, kí àwọn aláṣẹ tó fi ọgbà yí wọn ká.

Ahun ò kéré lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa, Ìjàpá ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, ahun ló gba idà padà lọ́wọ́ Lê Lợi, ọba tó lé àwọn ará Ṣáínà jáde ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní inú adágún tó wà láàárín ìlú ló ti yọjú sí i, tó ní kó dá idà òrìṣà padà. Ohun tí orúkọ adágún náà, Hoàn Kiếm, túmọ̀ sí nìyẹn: idà tí a dá padà. Ahun gidi kan sì wà nínú omi yẹn títí di oṣù Kìíní, 2016, tó kú. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì ní tẹ́ḿpìlì Ngọc Sơn, ẹ ó gba orí afárá pupa débẹ̀. Cụ Rùa ni wọ́n ń pè é, Bàbá Àgbà Ahun.

Báwo lẹ ṣe sọdá títì láàárín gbogbo ọ̀kadà yẹn?

Ẹ má sáré, ẹ má dúró lójijì, ẹ má sì padà sẹ́yìn. Ẹ rọra máa rìn ní ìwọ̀n kan náà, àwọn ọlọ́kadà á yà fún yín lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá bẹ̀rù tó fò sẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbá. Ẹ dúró de mọ́tò àti bọ́ọ̀sì o, àwọn kì í yà.

Oúnjẹ ńkọ́? Owó ńkọ́?

Ẹ jẹ bún chả ní ọ̀sán: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan lórí èédú, nínú omi ọbẹ̀ olóòórùn dídùn, pẹ̀lú núdù ìrẹsì funfun àti ewé tútù. Omi ẹja tí wọ́n sin, nước mắm, ló gbé e dùn. Ẹni tí irú ń bẹ nílé rẹ̀ kò ní fi ọwọ́ bo imú. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó tètè sọ, phở, núdù ìrẹsì olómi ọbẹ̀, ti ẹran màlúù àti ti adìyẹ wà káàkiri. Kọfí tí wọ́n lu ẹyin sí, cà phê trứng, 1946 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mílíìkì wọ́n. Ẹyin náà máa ń hó bí ìpara lórí kọfí dúdú. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò.

Ní ti owó, dong ni wọ́n ń ná. Ẹ ṣọ́ra fún owó búlúù méjì: 20,000 dong àti 500,000 dong. Wọ́n jọra lójú ẹni tó ń kánjú, rọ́bà ni wọ́n bíi ogún náírà wa, orí ẹnì kan náà ló sì wà lára wọn. Àkọ́kọ́ kò tó dọ́là kan, èkejì tó nǹkan bí ogún. Mo fi 500,000 san owó tíì lẹ́bàá ọ̀nà, mo ti ń lọ. Ìyá tó ni àtẹ dìde, ó sáré tọ̀ mí lẹ́yìn, ó fi owó náà lé mi lọ́wọ́, ó sì ń mi orí.

Ṣé wọ́n mú yín lọ síbi ogun?

Wọ́n mú wa lọ sí Hỏa Lò, ẹ̀wọ̀n tí àwọn Faransé kọ́ ní 1896. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ nípa rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti àwọn awakọ̀ òfuurufú wọn mọ́ nígbà ogun Fiẹtnám, John McCain, tó padà di sẹ́nétọ̀ wọn, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ náà ló kọ́kọ́ jìyà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí Faransé fi ń bẹ́ orí ṣì wà nínú yàrá kan. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń fọ̀nà hàn wá dákẹ́, ó jẹ́ kí olúkálukú wò ó fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní wọ́n máa ń mú èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tipátipá?

Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù náà ń fún wọn ní ìpín. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣọ́ọ̀bù mélòó ló wà lọ́nà? Èèyàn mélòó la jẹ́? Ṣé owó ìwọlé àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá sọ pé ẹ kò ní ju mẹ́wàá lọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Kí lẹ fi parí ọjọ́ náà?

Eré ọmọlangidi orí omi, lẹ́bàá adágún Hoàn Kiếm. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ló dá a sílẹ̀, inú oko tí omi kún ni wọ́n ti ń ṣe é. Dírágónì ń tu iná lẹ́nu, ahun yọjú, ó gba idà lọ́wọ́ ọba. Mo ti mọ ìtàn náà, n kò nílò ògbufọ̀. Nígbà tó parí, aṣọ ìkélé ká, àwọn tó ń darí ọmọlangidi jáde sí wa, omi dé ìbàdí wọn, wọ́n sì tẹrí ba.

Lóde, ọmọ náà pa ọwọ́ pọ̀, ó ní: "Cháu chào bác." Mo gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe kọ́ mi, mo ní: "Chào cháu."