Bí a ṣe ń sọ ẹ̀dà àtijọ́ di fódà

Ká ní olóòtú kan ní ilé ìtẹ̀wé lágbègbè Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, fẹ́ rí bí orí kẹta ìwé ṣe rí lóṣù tó kọjá. Git, ètò tó ń pa gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ mọ́, ni wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ló mọ àṣẹ rẹ̀ í tẹ̀, ẹni náà ò sì wá lónìí. Fódà ni àwọn tó kù mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà àtijọ́ wá máa hàn bíi fódà.

Lórí Linux, FUSE, ohun èlò tó ń jẹ́ kí ètò tí a kọ fúnra wa hàn bíi fódà, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí fáìlì, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, á gbé ìbéèrè náà fún ètò tí a kọ, ètò yẹn á sì lọ wá èsì nínú Git. Blob ni Git ń pe ohun tó wà nínú fáìlì. Tree ló ń tọ́jú orúkọ fáìlì. Commit, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tí a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, ló ń tọ́ka sí tree. Tree á di fódà, blob á di fáìlì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Inú “fẹ́rẹ̀ẹ́” yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹ tẹ ls -l, àṣẹ tó ń to fáìlì inú fódà: ó máa béèrè iye báìtì àti àkókò, tree ò sì ní ìkankan nínú méjèèjì. Kí á tó mọ iye báìtì, àfi ká lọ bá blob kọ̀ọ̀kan. Fáìlì 1,000, ìrìnàjò 1,000. Ohun tó gbà wá ni pé inú blob fúnra rẹ̀ ni orúkọ tí Git ń pè é, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, ti ń jáde, nítorí náà kì í yí padà. Ohun tí a bá ti kà lẹ́ẹ̀kan, ká rọra fi sínú mẹ́mórì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó tún un kà. Ní ti àkókò, àkókò commit ti tó. Wíwá ọjọ́ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan yí padà gan-an máa ń pẹ́ jù.

Kí a má to gbogbo commit sójú kan o, olóòtú ò ní rí ọ̀nà. Ọdún, oṣù, ọjọ́ ló yẹ kó rí.

Kíkọ nǹkan sínú fódà yìí ńkọ́? Ká tì í pa. LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé nìkan, tó bá ṣí ori3.odt, á ti ju fáìlì .~lock.ori3.odt# síbẹ̀, bí irú èyí bá ń di commit, pàǹtírí á kún inú Git. Olóòtú tó bá fẹ́ orí kẹta àtijọ́, kó kọ́pì rẹ̀ sí fódà iṣẹ́ rẹ̀.