Kì í ṣe ìṣirò ni ọmọ yín kò mọ̀

Ní ìparí sáà tó kọjá, òbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé káàdì èsì ọmọ wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì bi mí: olùkọ́ wo ni kí àwọn gbà tí yóò máa wá kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò nílé ní ìrọ̀lẹ́? Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, kò tilẹ̀ dúró gba ìdáhùn. Ó ní òun ti rí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun ti rí ti sáyẹ́ǹsì, ti ìṣirò nìkan ni ó kù, kí n jọ̀wọ́ bá òun wá a. Olùkọ́ mẹ́ta fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo bi í pé ìwé wo ni ọmọ náà kà kẹ́yìn tí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún un. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ má bínú, ìṣirò ni mo ní kò mọ̀. Ta ló sọ̀rọ̀ ìwé kíkà?"

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá iléèwé. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí ọmọ ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo yín ni ẹ lọ iléèwé, orúkọ wọn sì wà lára káàdì. Ìlànà tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2025 fi ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá fún kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta, ó sì fi mẹ́wàá sí méjìlá fún ìkẹrin dé ìkẹfà. Ohun tí òbí kì í fẹ́ gbọ́ ni pé lórí káàdì nìkan ni mẹ́wàá náà ti jẹ́ mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọ orí ọmọ, kíkà tí ó ní òye nínú sì ni ẹnu ọ̀nà náà. Bí ibẹ̀ bá há, ìṣirò á kù síta, sáyẹ́ǹsì á kù síta, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ náà á sì dúró sílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan hàn yín tí mo fi ń dán ọmọ kíláàsì kẹrin wò. Bọ́lá ní ọsàn 12. Ó fi 5 ju ti Adé lọ. Ọsàn mélòó ni Adé ní? Bí mo bá kọ èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ojú pátákó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ 17. Bí mo bá wá pe ọmọ kan náà tí ó kọ 17 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo sọ ọ́ fún un lẹ́nu ní èdè tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní méje. Ṣé ọmọ yìí kò mọ àyọkúrò ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún "jù lọ" nínú gbólóhùn náà, kò sì ka èyí tí ó kù, nítorí pé olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ ti sọ fún un pé níbikíbi tí ó bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó ro iye méjèèjì pọ̀. Owó oṣù yín ni ẹ fi ra ìmọ̀ yẹn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tí ó ń dúró de èsì JAMB, tí kò jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ní fún ọjọ́ kan rí, ni ẹ ń pè ní tíṣà ìṣirò. Ẹ kò jẹ́ gbé mọ́tò yín fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ kíláàsì kẹrin, mo máa ń mú odidi kòkó kan wá láti oko ìbátan mi kan ní ọ̀nà Ìdànrè. A ó fi kóńdó là á lójú gbogbo ọmọ, a ó sì da kóró rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ kà á, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní ọdún kan, òkìtì mẹ́ta pé, kóró mẹ́jọ sì ṣẹ́kù. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ó ti máa ń kọ 308 bí mo bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe méjìdínlógójì pé kí wọ́n kọ ọ́, torí pé ọgbọ̀n ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ mẹ́jọ, ó sì to ohun tí ó gbọ́ tẹ̀ léra. Ó wo òkìtì mẹ́ta yẹn, ó wo mẹ́jọ tí ó wà lọ́tọ̀, ó mú ráísà, ó pa òdo àárín rẹ́ láìjẹ́ pé mo bá a sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó tì í wá ní, "Àǹtí, bí a bá fi méjì kún un, ó di ogójì." Èyí ni orúkọ tí àwọn baba wa fún iye náà gan-an, méjì dín ní ogójì. Àyọkúrò ti wà lẹ́nu ọmọ Yorùbá kí ó tó mọ iléèwé, àwa ni a ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi kòkó yẹn ni a ti ń bọ́ sí sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ á ti máa lá omi dídùn tí ó wà lára kóró, n kì í sì í bá wọn wí. Màá sọ fún wọn pé adùn yìí ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ìwúkàrà tí ń mú búrẹ́dì wú, máa ń jẹ nígbà tí àgbẹ̀ bá kó kóró jọ gègèrè, tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Jíjẹ yẹn àti iṣẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń mú òkìtì náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò tètè fà á yọ. Láìsí ìgbóná yìí, kóró kòkó kò lè ní òórùn àti adùn tí wọ́n ń wá fún ṣokoléètì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ a wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọjọ́ yẹn, òun ni yóò máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sá a àti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n fún àwọn tí ń rà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó, kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó rí ní ìpínrọ̀ kan. Ẹ̀kọ́ mélòó ni a ti ṣe bẹ́ẹ̀? N kò kà á rí.

Àwọn kan á ní nítorí pé èdè Yorùbá ni mo fẹ́ràn ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú wa yìí ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ṣe ìpàdé rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí a pa ìlànà ọdún 2022 tì, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kò ní bá ìjọba jiyàn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní iléèwé kan ní Modákẹ́kẹ́, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kí ó kọ́kọ́ bá àbájáde iṣẹ́ yẹn jiyàn ná.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni ìsọ̀yè. Bí ọmọ bá ti gbẹ̀yìn ní kíláàsì, àwọn kan kò ní béèrè ohun tí kò yé e, oògùn ni wọn yóò wá lọ. Ó wà lọ́jà, ó wà nínú ìgò olómi ṣúgà, wọ́n tún ti ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp báyìí. Ẹni tí ń tà á kò rí ìwé ọmọ yẹn rí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ga, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo fi í sí kí ó má bàa dí àwọn kéékèèké lójú. Bí mo bá bi í ní ìṣirò lẹ́nu, kò sí èyí tí kì í gbà. Bí mo bá kọ ọ́ sí ojú pátákó, òdo ni, nínú ìṣirò, nínú Gẹ̀ẹ́sì, nínú ohun gbogbo. Sáà méjì ni mo fi kọ "kò bìkítà" sí káàdì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ méje sí i ní àtàrí. Gbẹ́rẹ́ náà kẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yẹn kò fi wá sí iléèwé, nígbà tí ó sì dé, mo mú un wá síwájú kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fọwọ́ kan egbò rẹ̀.

Ní ọjọ́ ẹtì, ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́. Ó ní ìsọ̀yè náà jẹ́, òun sì ti júwe ọ̀nà fún ìyá méjì mìíràn. N kò lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ ajé, mo dá ọmọ náà padà sẹ́yìn láìsọ nǹkan kan fún un, mo sì tún kọ ìdánwò sí ojú pátákó. Ó gba méjì. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣẹ́ ẹ, bí ó ṣe ń na ọrùn wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í, àwọn ohun tí ó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́fà ní ìṣojú mi. Ojú rẹ̀ kì í rí ohun tí ó bá jìnnà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní awò ojú. Títí di òní, ìyá rẹ̀ gbà pé ìsọ̀yè ni ó la ọ̀nà fún awò ojú. Ní tèmi, yíǹkì ni mo fi kọ "kò bìkítà", káàdì méjèèjì sì wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún bàbá Ọjà Ọba pé kí ó kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ó ní kí ó ka orúkọ tí ó wà lára ilé òdìkejì títì. Bí ó bá rí i kà, kí ó fún un ní páálí ọjà kan, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, fún oṣù kan, kí a tó tún sọ̀rọ̀ olùkọ́. Ó ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́ gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ọmọ náà sọ fún mi ní àná pé olùkọ́ kẹta ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.