Kí Ló Wà Nínú Kápúsù Olú Yẹn Gan-an?

Màmá kan gbé ìgò kékeré kan lé orí káńtà níwájú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní ó máa ń tún iṣan ṣe. Ẹsẹ̀ mi kì í jẹ́ kí n sùn lóru mọ́, ó ń jó mi bí ata, ó sì ń gún mi bí abẹ́rẹ́." Àwòrán olú funfun kan ló wà lára ìgò, ó ta irun sísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n baba arúgbó. Mo wọ awò ojú, mo yí ìgò náà sẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí.

Lion's mane ni wọ́n ń pe olú yìí. Àwọn ará Japan ń pè é ní yamabushitake. Oúnjẹ ni lọ́dọ̀ wọn àti ní Ṣáínà kó tó di ohun inú kápúsù. Iṣan tí wọ́n ní ó ń tún ṣe kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà o. Iṣan ìmọ̀lára ni, èyí tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen, rí èròjà kan nínú ara tó ń mú kí iṣan ìmọ̀lára yọ ẹ̀ka, bí ajílẹ̀ ṣe ń ṣe fún irúgbìn. NGF ni wọ́n pè é, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 1986. Ṣùgbọ́n NGF tóbi ju ohun tó lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ lọ, kò sì ṣeé gbé mì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, Hirokazu Kawagishi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Japan rí àwọn èròjà kéékèèké nínú lion's mane tó ń sún sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ àyẹ̀wò láti pèsè NGF fúnra rẹ̀. Wọ́n pe àwọn tó wà nínú olú gan-an ní hericenone. Àwọn tó wà nínú fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín bí òwú tó ń rìn nínú igi kí olú tó yọ síta, ni wọ́n pè ní erinacine.

Abọ́ àyẹ̀wò kì í ṣe èèyàn, ṣá. Àyẹ̀wò tí gbogbo àwọn tó ń tà á máa ń tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n ṣe ní Japan, tó jáde lọ́dún 2009. Èèyàn 30 péré ni, ẹni ọdún 50 sí 80, tí ìgbàgbé ti ń bá díẹ̀díẹ̀. Hóró 12 ni àwọn tó wà ní apá olú ń lò lójúmọ́, gíráàmù 3 lápapọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16. Máàkì wọn nínú ìdánwò ọpọlọ sàn ju ti àwọn tó ń gbé hóró aláìlóògùn mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, máàkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Èmi kì í fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ èèyàn 30 kéré.

Ìgò màmá ní kápúsù méjì lójúmọ́, mílígíráàmù 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù kan nìyẹn, ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n fún àwọn ará Japan wọ̀nyẹn. Ìyẹn tiẹ̀ tún kéré lójú mi. Ohun tó dùn mí jù ni gbólóhùn kan: "fọ́nrán olú tí a gbìn sórí ìrẹsì." Tí fọ́nrán bá ti wọnú ìrẹsì tán, kò ṣeé yọ kúrò mọ́. Ṣe ni wọ́n máa ń gbẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú kápúsù. Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé polysaccharide (ọ̀pọ̀ ṣúgà tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n) inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Polysaccharide ni sítáàṣì ìrẹsì náà! Beta-glucan ni kí ẹ máa wá, torí òun ni polysaccharide ti olú.

Mo tú kápúsù kan sínú àwo, mo fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó, mo jẹ́ kó tutù, mo wá kán áyódíìnì sí i. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti dúdú bí aró. Sítáàṣì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, olú kì í sì í tọ́jú sítáàṣì sára. (Ẹ da ohun tẹ́ ẹ bá dán wò nù, ẹ má gbé e mì.)

Èyí ò ní kí fọ́nrán burú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbìn ín sínú omi, tí wọ́n sì ń wọn erinacine A inú rẹ̀ kọ sára ìgò. Ti olú gan-an náà, omi gbígbóná ló ń fa beta-glucan jáde, ọtí ló ń fa hericenone. Ìgò tí kò bá sọ apá olú tó lò tàbí bó ṣe fà á, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba olú kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè, pàápàá tí wọ́n bá da reishi, olú mìíràn, mọ́ ọn. Chaga náà, tóun náà jẹ́ olú, àpọ̀jù rẹ̀ ti ba kíndìnrín àwọn kan jẹ́.

Mo bi màmá ní oògùn tó ń lò. Ó ní metformin, fún àtọ̀gbẹ, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbé ìgò olú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Metformin tó ti pẹ́ sì lè dín fítámì B12 kù nínú ara, àìtó B12 náà sì ń mú kí ẹsẹ̀ máa jó. Bí ìyẹn bá pẹ́ jù láìtọ́jú, ìbàjẹ́ ibẹ̀ lè má lọ mọ́. Mo ní kó lọ rí dókítà rẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló mú ìwé dé. B12 ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní, "Ìgò mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ti jẹ ìrẹsì lónìí, mọ̀mí?"